Raheemah, Ẹni Tó Ń Ti Ẹ̀yìn Wo Ilé

Tí ẹ bá pe Raheemah Sàlàkọ́ wá wo ilé yín, ẹ má wulẹ̀ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà iwájú. Yóò kí yín dáadáa o, yóò kúnlẹ̀ fún ẹni tó bá jù ú lọ, yóò béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ bàtà gogoro ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò wọ sálúbàtà onírọ́bà tó máa ń gbé sínú báàgì, á sì yí gba ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí ẹ ń da omi ìfọṣọ sí, ibi tí ẹ kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù jọ sí, ibi tí ẹ rò pé ẹnikẹ́ni kò ní dé, ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn onílé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí ti sọ ọ́ ní Ìyá Ẹ̀yìnkùlé. Ó mọ̀, kò sì bínú sí i.

Èmi Bọ̀wálé ni mo máa ń di etí téèpù kejì mú tó bá ń wọn ilé. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, mo sì lè sọ fún yín pé kì í ṣe ilé-ìwé ló ti kọ́ àṣà yẹn. Ìbínú ló kọ́ ọ. Ìtàn ìbínú náà ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní díbọ́n pé inú mi kò dùn sí bó ṣe parí, nítorí pé ẹ̀bi tèmi náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ wa. Ilé tí wọ́n ń fi ṣòwò, yálà ilé báǹkì ni tàbí ilé ọ́fíìsì tàbí ṣọ́ọ̀bù ńlá, a máa ń pín in sí kíláàsì. Kíláàsì A ni ilé tó pé: ó wà lójú ọ̀nà tó dára, iná rẹ̀ kì í ṣẹ́jú, omi ń jáde lókè bó ṣe ń jáde nísàlẹ̀, ọkọ̀ ríbi dúró, tí iná bá sì ń jó, èèyàn á rí ọ̀nà sá jáde. B ni ilé tó ti dàgbà díẹ̀ àmọ́ tí wọ́n ń tọ́jú. C ni ilé tó kàn dúró nítorí pé kò tíì wó. Lẹ́tà kan péré ni, àmọ́ òun ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá láti Èkó máa ń béèrè kí wọ́n tó béèrè orúkọ onílé. Ẹni tó bá ń kọ lẹ́tà yẹn lè gbé onílé ga, ó sì lè sọ ọ́ di ẹni yẹ̀yẹ́ láàárín ìlú.

Ẹni tó ń kọ ọ́ nílùú wa nígbà yẹn ni Ọ̀gá Frederick. Ọ́fíìsì rẹ̀ ni èmi àti Raheemah ti pàdé, èmi ń di téèpù, òun ń tẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá sanra, ó máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán, a sì máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kó tó gun òkè dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan kan. Yóò na ẹsẹ̀ sórí tábìlì, yóò máa pe ọ̀rọ̀ jáde, Raheemah yóò máa tẹ̀ ẹ́. Tó bá pe gbólóhùn kan tó dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀, yóò dákẹ́ díẹ̀ kí gbogbo ọ́fíìsì lè rẹ́rìn-ín. A sì máa ń rín in, torí pé òun ló ń san owó oṣù wa. Ó tún ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ti ń ta gíláàsì àti táìlì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀bù yẹn sọ́kàn.

Bàbá Raheemah, Alhaji Abdulhakeem Sàlàkọ́, ní ilé alájà méjì kan lójú títì. Aṣọ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tà kó tó kọ́ ọ. Báǹkì kan ló háyà rẹ̀, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Ní ọdún 2008, àwọn ọ̀gá báǹkì náà ní Èkó pàṣẹ pé àwọn kò ní wà nínú ilé tí kò bá jẹ́ kíláàsì A tàbí B mọ́, wọ́n sì ní kí Ọ̀gá Frederick bá àwọn wo ti Alhaji. Kó tó di ọjọ́ tí a máa wò ó, ó kọ́kọ́ lọ bá Alhaji, ó mú mi dání. A yípo ilé báǹkì náà tán, àtiwájú àtẹ̀yìn, a wá jókòó sí pálọ̀ Alhaji, wọ́n fún wa ní mọ́ọ̀tì.

Ọ̀gá ní, "Alhaji, iwájú ilé yín ló ń bà yín lórúkọ jẹ́. Ẹ fi gíláàsì bò ó láti òkè dé ilẹ̀, ẹ wá fi táìlì tó ń dán sí àtẹ̀gùn. Ẹ ṣe é, A ni mo máa kọ."

Ẹ má bínú, ọmọ Ìjẹ̀bú lèmi náà, mo lẹ́nu láti sọ ọ́. Àwa àti iwájú ilé! Tí Iléyá bá ti ń sún mọ́, tí àwọn ará Èkó àti ti òkè òkun ń múra àtiwálé wá ṣe Ojúde Ọba, ẹ wá wo bí a ṣe ń kun ilé. Iwájú nìkan. Ọ̀dà á dé igun ilé, á dúró síbẹ̀ bí ẹni tó rí ọlọ́pàá. Ẹ̀gbẹ́ ń retí ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀yìn ń retí ìgbà tí Ọlọ́run bá ṣe é. Mo mọ ilé kan tí òpó mẹ́rin dúró níwájú rẹ̀ bíi ti ààfin, tí wọn kò tíì rẹ́ ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ta ló fẹ́ lọ wo ẹ̀yìn? Ohun tí gbogbo wa máa ń sọ nìyẹn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn Ọ̀gá wọ Alhaji létí dáadáa. Ó ta ilẹ̀ oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ayépé, ó kó gbogbo rẹ̀ sórí iwájú ilé. Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Frederick náà ló sì ti ra gíláàsì, Ọ̀gá ló ní ibẹ̀ ni òjúlówó wà. Nígbà tí wọ́n tò ó tán, àwọn ọlọ́kadà á dúró wo ojú ara wọn nínú rẹ̀. Alhaji gan-an á wọ agbádá lẹ́yìn ìrun Àsárì, á dá dúró sí òdìkejì títì, á máa wo ilé rẹ̀. Inú mi ń bàjẹ́ tí mo bá rántí ìdúró yẹn.

Ọjọ́ tí a máa wo ilé náà pé. Ọ̀gá Frederick kò tiẹ̀ bojú wo gíláàsì. Ó ní, "Bọ̀wálé, gbé téèpù, jẹ́ ká lọ sẹ́yìn." Gbogbo ohun tí a bá níbẹ̀ ni a ti rí tẹ́lẹ̀: búlọ́ọ̀kù tí wọn kò rẹ́, kòtò ilé-ìyàgbẹ́ tí ọmọrí rẹ̀ ti là, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan ṣoṣo tí kò gba èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mọ̀ pé iwájú kò ṣe nǹkan kan fún kíláàsì ilé náà láti ọjọ́ tó ti jókòó ní pálọ̀ Alhaji. Èmi náà mọ̀. Mo mu mọ́ọ̀tì Alhaji, mi ò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, ó na ẹsẹ̀ sórí tábìlì, ó ń pe ọ̀rọ̀ fún Raheemah. Bóyá kò rántí pé ọmọ Alhaji ló wà níwájú òun, bóyá ó sì rántí, mi ò mọ èyí tó burú jù. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, àmọ́ ohun tó wí nìyí: "Ilé yìí wọṣọ níwájú, ó wà ní ìhòòhò lẹ́yìn. Onílé rẹ̀ rò pé afọ́jú ni gbogbo wa. Kíláàsì C." Ó dákẹ́ kí á rẹ́rìn-ín. A rín in. Mo wà lára àwọn tó rín in. Raheemah nìkan ni kò gbójú sókè. Ó tẹ̀ ẹ́ láìṣi lẹ́tà kan.

Èmi ni wọ́n rán pé kí n mú ẹ̀dà ti onílé lọ. Nígbà tí mo dé ilé Alhaji, Raheemah ti wálé wá jẹun ọ̀sán, ó ń bu omi fún bàbá rẹ̀. Alhaji mọ Kùránì kà dáadáa, àmọ́ kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí Raheemah kà á kó sì sọ ọ́ ní Yorùbá, kó má fo ìkankan. Mo wo ojú ọmọbìnrin yẹn. Ó kà á.

Ìjẹ̀bú ni Alhaji ń sọ nílé, "wo" ló máa ń pe "o". Ó ní, "Wo tún un kà."

Ó tún un kà.

"Wo tún un kà, Raheemah."

Ó kà á ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Bàbá wá ní, "Ìhòòhò ni wọ́n pè é?" Mo ní kí n máa lọ, ó sì ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á jẹ́ kí n délé láyọ̀. Èmi tí mo mọ̀ tí mi ò sọ, èmi ló ń ṣàdúrà fún.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, báǹkì ti kó lọ. Gbólóhùn náà kò bá wọn kó lọ ní tirẹ̀. Ọ̀gá Frederick ti sọ ọ́ níbi tó ti lọ mu ọtí, ó sọ ọ́ ní ìpàdé, ó sọ ọ́ níbi ìkómọjáde, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé náà ní Ìhòòhò-Lẹ́yìn. Ẹni kan tún fi ṣeré lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, láti ọjọ́ náà ni Alhaji ti ń kírun nílé. Ó kú lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà pè é, mi ò sì ní purọ́ mọ́ lẹ́tà pé lẹ́tà ló pa á. Àmọ́ ẹni tí kì í jẹ́ kí ìrun kan kọjá òun ní mọ́ṣáláṣí kò yọjú síbẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi gbé e lọ síbẹ̀ kí wọ́n kírun sí i lára.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ òkú, Raheemah padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo rò pé ó wá dá kọ́kọ́rọ́ padà ni. Ó jókòó, ó tan kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo fà á sí kọ̀rọ̀ tí mo bi í pé kí ló tún ń wá lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí, ó ní, "Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà náà. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n jù ú lọ." Ó fa páálí fáìlì kan jáde, ó fi ìwé kan hàn mí nínú ọ̀rá. Ẹ̀dà ti bàbá rẹ̀ ni. Ó ní, "Bọ̀wálé, mo máa dá a padà fún un. Tó bá gba ogún ọdún, mo ní sùúrù."

Ó ní i lóòótọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi sin ọkùnrin yẹn. Ó ń lọ kàwé ní òpin ọ̀sẹ̀, ó ń ṣèdánwò, ó yege èyí, ó fìdí rẹmi nínú tọ̀hún, ó tún un ṣe, títí ìjọba fi fún un ní ìwé àṣẹ pé òun náà lè díyelé ilé, òun náà lè kọ lẹ́tà. Gbogbo ìgbà yẹn, "Ẹ káàárọ̀, sà," "Ẹ ṣé, sà," kò ṣì í sọ lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá a máa nawọ́ sí i fún àlejò pé, "Ọmọ mi nìyí. Èmi ni mo kọ́ ọ." Raheemah á rẹ́rìn-ín, á kúnlẹ̀ díẹ̀. Èmi tí mo mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn, màá máa ká téèpù tí mo ti ká tán. Ìgbà tó ní òun fẹ́ lọ dá dúró, Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà fún un níṣojú gbogbo wa. Raheemah háyà yàrá kan ní Odogbolu, ó fi ṣe ọ́fíìsì. Mo kọ̀wé fi ibẹ̀ sílẹ̀, mo bá a lọ.

Ní àkókò yìí, ojú Ọ̀gá Frederick ti ń dùn ún, ó sì ti ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Ó ń rí èèyàn, kò rí ojú èèyàn. Kò lè ka ìwé mọ́ rárá. Àmọ́ ó ń kọ́ ilé, ilé alájà mẹ́ta tó ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Ó ta ṣọ́ọ̀bù gíláàsì sí i, ó ta ilé rẹ̀ ní Èkó sí i, ó fi ohun gbogbo tó ní sínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ fún un pé gbogbo rẹ̀ ti parí, ó ń fọwọ́ pa ògiri iwájú, ó ń sọ pé ó dùn mọ́ òun lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan láti Èkó ní àwọn máa gba gbogbo ilé náà, òkè àti ìsàlẹ̀, fún ọdún mẹ́wàá. Kìkì pé kó jẹ́ kíláàsì A, tàbí B ó kéré tán, kó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa wò ó, kì í ṣe onílé fúnra rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Òun gan-an ló fún wọn ní orúkọ Raheemah.

Raheemah sọ fún ilé-iṣẹ́ náà pé òun ti bá onílé ṣiṣẹ́ rí. Wọ́n ní kò séwu, wọ́n á rán òṣìṣẹ́ wọn kan tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí Ọ̀gá pè é lórí fóònù. Mo jókòó tì í, ó jẹ́ kí n gbọ́.

"Raheemah, ọmọ mi. Ṣé o ti gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, sà. Ẹ kú oríire, sà."

"Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ẹ dé. Ìwọ lo mọ ojú tí wọ́n fi ń wò ó báyìí. Ojú tèmi ti ṣú. Ṣé nǹkan kan wà tó yẹ kí n tún ṣe?"

Mo wo Raheemah. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni a jọ gba ẹ̀yìn ilé náà kọjá. Búlọ́ọ̀kù ẹ̀yìn wà láìrẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ti jẹ owó rẹ̀. Wọ́n fi ṣéènì àti àgádágodo ti ilẹ̀kùn tó yẹ kí èèyàn gbà sá tí iná bá ń jó. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ń wọ inú ilé tààrà. Ọ̀sẹ̀ méjì tó láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, B kò sì ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Raheemah ní, "Kò sí, sà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí iwájú mọ́."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo ní, "Raheemah, gbogbo ohun tí bàbá yìí ní ló wà níbẹ̀ o."

"Mo mọ̀."

"Kò ríran mọ́."

"Bàbá tèmi kò mọ̀ ọ́n kà nígbà náà. Kí ló fi yàtọ̀?" Ó wò mí dáadáa. "Mi ò ní purọ́ sínú ìwé, Bọ̀wálé. Ohun tí mo bá bá níbẹ̀ ni mo máa kọ. Mi ò kàn ní bá a tún ilé rẹ̀ ṣe ni. Ìwọ náà dé ẹ̀yìn ilé wa kí wọ́n tó ra gíláàsì. Ṣé o sọ?"

Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti mọ̀, tó sì ń bá mi jẹun nínú abọ́ kan náà. Mo lè pe Ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù mi. Mo gbé fóònù náà lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo rántí Alhaji tó dúró ní òdìkejì títì nínú agbádá, mo sì dá fóònù padà sápò.

Ọjọ́ pé. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán wá láti Èkó, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jessica, dé pẹ̀lú kámẹ́rà. Wọ́n ti fi omi ọṣẹ nu iwájú ilé, wọ́n gbé òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Ọ̀gá Frederick dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú kóòtù, ó na ọwọ́ síta, kò sì rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni níwájú òun. Raheemah ti wọ sálúbàtà rẹ̀. Ó ní, "Jessica, ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn ná." Mo gbé téèpù tẹ̀ lé wọn. A lo wákàtí mẹ́ta. Kò fi nǹkan kan kún un, kò yọ nǹkan kan kúrò. Jessica ya àwòrán ṣéènì orí ilẹ̀kùn, ó mi orí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ilé-iṣẹ́ náà gba ìwé tiwọn, wọ́n sì ní kí á fún onílé ní ẹ̀dà. Mo ní kí n lọ fún un. Raheemah ní rárá, òun fúnra òun ló máa mú un lọ.

Ọ̀gá ti gbọ́ pé à ń bọ̀. Ó pe mẹ́ta nínú àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ jọ, àwọn àgbà tí wọ́n jọ máa ń wọ aṣọ kan náà lọ síwájú Awùjalẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n jókòó yípo nínú ọ́fíìsì tuntun, mọ́ọ̀tì àti bisikíìtì wà lórí tábìlì. Inú gbogbo wọn ń dùn. Raheemah kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó na ìwé sí Ọ̀gá.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe? Kà á fún wa. Ohùn rẹ ni mo mọ̀. Kí o sì sọ ọ́ ní Yorùbá, kí Àbúdù lè gbọ́, kò lọ sílé-ìwé." Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà fi ọwọ́ lu orókún rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Raheemah ṣí ìwé. Ó ka àdírẹ́ẹ̀sì, ó ka gígùn àti ìbú ilé, ó ka iye yàrá. Àwọn àgbà ń mi orí. Ó wá ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ìwé yẹn tuntun ni, àmọ́ mo rí ọ̀rá nínú báàgì rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú ọ̀rá ló wà lórí bébà tó dì mú.

Ó kà á ketekete. "Ilé yìí wọṣọ níwájú, ó wà ní ìhòòhò lẹ́yìn. Onílé rẹ̀ rò pé afọ́jú ni gbogbo wa. Kíláàsì C."

Bàbá tí wọ́n ń pè ní Àbúdù bú sẹ́rìn-ín. Kò ronú, ẹ̀rín náà kàn jáde ni, bíi tiwa lọ́jọ́sí. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀gá Frederick yí ojú sí ibi tí ohùn Raheemah ti wá. Ó ní, "Ta ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Èmi kàn tẹ̀ ẹ́ ni. Ọdún 2008, ilé bàbá mi."

Ó pẹ́ kó tó rántí. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń wá a, mo sì gbàdúrà kó rántí, nítorí tí kò bá rántí, a jẹ́ pé ọdún mẹ́rìndínlógún ti ṣòfò. Ó rántí. Ọwọ́ rẹ̀ wá etí tábìlì, ìgò mọ́ọ̀tì kan ṣubú, kò gbọ́ ọ. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ náà fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, òun á rẹ́ ẹ, òun á ṣí ilẹ̀kùn. Raheemah ní wọ́n ti lọ gba ilé mìíràn ní Ṣágámù láti àná.

Ọ̀gá tún kọjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá. Nígbà tó yá, ó ní, "Raheemah. Tún un kà."

Ohùn tí Alhaji fi sọ ọ́ gan-an ló fi sọ ọ́. Ó jọ ọ́ débi tí mo fi wo ẹ̀yìn mi. Raheemah tún un kà, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ọ̀gá ti sorí kọ́, àwọn àgbà ti ń wá fìlà wọn, mo sì na ọwọ́ láti gba báàgì lọ́wọ́ Raheemah kí á máa lọ.

Kò fún mi. Ó rọra fi ìka sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó kà á.